Aago Ọwọ́ Kábíyèsí

Sítọ̀ kòkó ni tẹ́lẹ̀, nídìí òkè, ní Ọ̀gọ̀tún.
Bí òjò bá rọ̀, òórùn kòkó ṣì ń jáde lára ògiri
bí ìgbà tí àgbàlagbà bá rántí owó
tí wọ́n jẹ ẹ́ tí wọn kò san.
Ulé Àwòrán ni a ń pè é báyìí.
Ọjọ́ Ẹtì tó bá kẹ́yìn oṣù, a ó kun ògiri kan lẹ́fun,
a ó yá àga ṣọ́ọ̀ṣì (èyí tó ṣẹ́ lẹ́sẹ̀ ni wọ́n ń yá wa),
èmi a sì dúró lẹ́nu ọ̀nà.
Igba náírà ni. Ẹni tó bá mú ẹní wá kò ní sanwó,
nítorí ẹní ni ìlú yìí mọ̀ ọ́n hun,
ẹni mélòó ló sì ní igba náírà tó ṣẹ́ kù lọ́jọ́ Ẹtì?

Ilésànmí ló ni ẹ̀rọ.
Ó bá mọ́tò ìròyìn ìjọba kiri títí wọ́n fi dá a dúró.
Lọ́jọ́ tí wọ́n ń kó ẹrù dànù,
ó di róòlù mẹ́tàdínlógún sẹ́yìn kẹ̀kẹ́,
ó tì wọ́n sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.
Ogún ọdún ni aya rẹ̀ fi sùn lé wọn lórí,
kò mọ̀ pé ọba àti ogun àti ẹṣin wà lábẹ́ òun.

Fíìmù tí a fẹ́ràn jù kò dára.
Kí n má parọ́.
Èèyàn mọ́kànlá ni ọmọ ogun lọ́tùn-ún,
àwọn mọ́kànlá náà ló tún pààrọ̀ ẹ̀wù
tí wọ́n di ọ̀tá lósì.
Ẹ̀jẹ̀ wọn, tòmátì inú agolo.
Kábíyèsí ayé àtijọ́ á dìde, á nawọ́ sókè láti gégùn-ún,
apá agbádá á yọ̀ sẹ́yìn,
aago á máa dán lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀!
Gbogbo ilé á hó: "Kábíyèsí, aago mélòó lù?"
Ọmọ tí kò tíì mọ ìwé kà mọ ibi tí a ti ń hó.
Àwọn àgbà á dáhùn: "Mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá!"

Yèyé Fọlárànmí kì í bá wa hó.
Iwájú pátápátá ló ń tẹ́ ẹní sí, lápá òsì.
Fíìmù yìí nìkan ló ń wá wò.
Mo rò pé etí rẹ̀ ló di.

Oṣù tó kọjá, bí ọwọ́ ọba ti ń lọ sókè,
jẹnẹrétọ̀ húkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó dákẹ́.
Òkùnkùn. Ẹnikẹ́ni kò dìde.
Ẹnì kan mú èpè ọba níbi tó já sí,
obìnrin kan gba ẹkún olorì sun,
àwọn ọmọ fẹnu ṣe ẹsẹ̀ ẹṣin.
A ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jagun tán kí Ilésànmí tó rí epo.

Iná dé. "Ilésànmí, dá a padà,"
Yèyé ló sọ̀rọ̀, kò pariwo.
"Dá a padà sí ibi ọjà."
Róòlù já. Ó fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́. A dúró.

Iwájú ilé ìfìwéránṣẹ́ wa ni, kí wọ́n tó wó o.
Olorì ń ná ata.
Ọkùnrin kan gun kẹ̀kẹ́ kọjá lẹ́yìn rẹ̀,
ìdì ẹní méjì lẹ́yìn kẹ̀kẹ́,
ó yíjú sí wa, ó rẹ́rìn-ín,
ó ti lọ.
"Wọ́n ní kó má wo ẹ̀rọ," ni Yèyé wí.
"Olórí kunkun. Ó wò ó."

Ilésànmí bi í bóyá kó tún un ṣe.
Ó ní rárá, kó jẹ́ kí ọba gégùn-ún.
Ọwọ́ lọ sókè. Aago dán.
A ò mọ̀ bóyá ká hó tàbí ká má hó,
ni ohùn tín-ín-rín kan bá jáde lápá òsì:
"Kábíyèsí, aago mélòó lù?"

Mo ka owó lálẹ́ ọjọ́ náà:
ẹgbẹ̀rún méjì ó lé irinwó náírà,
àti ẹní mọ́kàndínlógún.