Létà Kejìdínlógójì

Mo ti kọ létà mẹ́tàdínlógójì
kí yìnyín tó bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ ní Winnipeg.
"Ọ̀jọ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, Ìbírónkẹ́ Fágbàmígbé lorúkọ mi,
ọdún kejì ni mo wà, iṣẹ́ dókítà ni mo fẹ́ kọ́ lẹ́yìn èyí,
ẹ jọ̀ọ́, ṣé àyè kan ṣì wà nínú yàrá ìwádìí yín?"
Ẹni mẹ́rin ló dáhùn.
Mẹ́ta ní kò sáyè.
Ẹnì kẹrin ní, ìrírí wo lo ní?
Ìrírí náà ni mo ń wá kiri!
Ó dà bí ẹni tí wọ́n ní kó kọ́kọ́ mọ̀wẹ̀
kí wọ́n tó jẹ́ kó tẹsẹ̀ bọ omi.

Màmá mi ti iṣẹ́ òru dé,
láti ilé àwọn arúgbó tó ti ń yí wọn padà lórí ibùsùn.
Ó ní, "Wọ́n ti dá ọ lóhùn?"
Mo ní rárá.
Ó ní kí n kọ òmíràn,
ó sì sùn lọ lórí àga, tòun ti káàdì iṣẹ́ lọ́rùn.

Létà kejìdínlógójì kò jọ àwọn tó kù.
N kò sọ máàkì tí mo gbà.
Mo ka ohun tí Dókítà Sigurdson kọ nípa ẹja kan,
ẹja onílà wẹ́wẹ́, kò gùn tó ìka ọmọdé:
bí wọ́n bá gé lára ọkàn rẹ̀, ọkàn náà á tún hù.
Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà á, ìdajì rẹ̀ kò yé mi.
Mo wá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀: "Kò yé mi,
báwo lẹja ṣe ń mọ ìgbà tó yẹ kó dáwọ́ dúró,
kí ọkàn má baà hù kọjá àyà?"
Lọ́jọ́ kejì, èsì dé, ìlà kan péré:
"Èmi náà ò mọ̀. Wá lọ́jọ́ Ajé."

Mo rò pé maikirosikóòpù ló ń dúró dè mí.
Marivic, ará Filipíìnì,
tó ti lo ọdún mọ́kàndínlógún láàárín àwọn táńkì,
kò bi mí ní ìrírí kankan.
Búrọ́ọ̀ṣì ló nà sí mi.
Oṣù mẹ́ta ni mo fi ń ha èéhọ̀ lára dígí,
mò ń bọ́ ẹja láàárọ̀, mò ń bọ́ wọn nírọ̀lẹ́,
mò ń ka òkú, mò ń kọ iye wọn sínú ìwé aláwọ̀ ewé.

Nínú oṣù kejì, mo ṣèèṣì da ẹyin táńkì kẹrìnlá
sínú ti kọkànlélógójì.
Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì.
Ẹnikẹ́ni kò rí mi.
Mo lè dákẹ́; ẹja kì í rojọ́.
Mo dúró níbẹ̀ títí ọwọ́ mi fi gbẹ nínú ìbọ̀wọ́,
lẹ́yìn náà mo lọ kan ilẹ̀kùn Sigurdson.
Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún pẹ́.
Kò bú mi. Kò rẹ́rìn-ín.
"Kọ ọ́ sínú ìwé," ló wí, "bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an."
Ìgbà tí mo kọ ọ́ tán
ni Marivic fà mí lọ́wọ́ lọ sídìí maikirosikóòpù:
ọmọ ẹja, ara rẹ̀ mọ́ bí omi,
ọkàn rẹ̀ ń sọ kúlúkúlú,
kò mọ̀ pé ẹnì kan ń wo òun.

Lóru ọjọ́ náà n kò sùn.
Ní agogo méje ààrọ̀, màmá mi ti ilẹ̀kùn wọlé,
òtútù tẹ̀ lé e.
"Ọ̀gbẹ́ni Kowalchuk lọ lánàá," ó ní. "Ọkàn rẹ̀ ló dá a dúró."
Ó jókòó, ó bọ́ bàtà kan.
"Ẹja yín yẹn, ọjọ́ mélòó ni tirẹ̀ fi ń hù padà?"
"Bí ọgọ́ta ọjọ́, Mọ́mì."
"Ọgọ́ta ọjọ́."
Ó di bàtà kejì mú lẹ́sẹ̀ fún ìgbà díẹ̀
kó tó fà á yọ.