Ta Ló Ń Gba Èpò Ẹsẹ̀ Afárá?

Lọ́dún tí mo pé mọ́kànlá, nígbà ọlidé,
mo tẹ̀lé bàbá mi rìn lábẹ́ wáyà ńlá,
ọjọ́ mẹ́ta gbáko, láti Pápáláńtò wá sí Abẹ́òkúta.
Àdá lọ́wọ́ ọ̀tún, ìwé lọ́wọ́ òsì,
ó ń ka òpó irin bí ẹni ń ka ọmọ:
èyí ti sọ bóòtù nù,
àwo tánganran èyí ti sán,
ìtàkùn ti ń gun ẹsẹ̀ èyí, ó fẹ́ lọ kú lókè.

Lórí wa, wáyà ń kùn
bí ìyá àgbà tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ nídìí àdògán.
Lọ́sàn-án gangan ó wọ̀ sílẹ̀ díẹ̀,
oòrùn ti mú un, ó gùn bí arúgbó tó na ẹsẹ̀.

Mo ní: "Bàbá, ẹgbàá mẹ́rìndínláàádọ́rin fóòlítì!
Kí lẹ fẹ́ fi gbogbo ìyẹn ṣe,
nígbà tó jẹ́ gílóòbù kan ṣoṣo ló wà ní pálọ̀ wa?"

Ṣówándé ọmọ Ìtókò kò fi ìwé dá mi lóhùn.
"O mọ afárá Láfẹ́nwá lọ́jọ́ ọjà.
Kí ẹgbẹ̀rún èèyàn kó sórí ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan,
kálukú pẹ̀lú kóńgò gàrí kan:
èjìká á máa ha èjìká, òógùn á bò wọ́n,
kí wọ́n tó dé òdìkejì, gàrí ti dà sódò Ògùn.
Bí èrò bá di ìlọ́po méjì, ooru á di ìlọ́po mẹ́rin,
bẹ́ẹ̀ ni wáyà ṣe ń ṣírò tiẹ̀.
Ṣùgbọ́n rán alágbára mẹ́wàá,
kí kálukú ru ọgọ́rùn-ún kóńgò:
ọ̀nà á gbà wọ́n, gàrí á dé."

A rìn títí. Ó dúró lójijì.
"Mo purọ́ díẹ̀ fún ọ nípa afárá yẹn.
Kò sẹ́ni tó ń sọdá.
Síwájú, sẹ́yìn, ni wọ́n ń mì,
àádọ́ta ìgbà kí ìṣẹ́jú-àáyá kan tó pé;
ibi tí wọ́n wà lọ́jọ́ tí a na wáyà, ibẹ̀ náà ni wọ́n wà.
Agbára nìkan ló ń rìnrìn àjò.
Mímì yẹn la sì fi ń gbé e ga, la fi ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀.
Nínú tiransifọ́mà, wáyà méjì ká mọ́ irin, wọ́n rì sínú epo,
wọn ò fara kanra,
síbẹ̀ bí ọ̀kan bá ti ń mì, èkejì ń gbọ́.
Bó bá dúró sójú kan, èkejì á di adití."

Ní ìtòsí Wásinmi, Ìyá Olúgbódi fún wa lómi.
Ó na ọkọ́ sókè, sí wáyà.
"Ọdún kejìdínlógún rèé tí nǹkan yìí
ti ń gba orí gbágùúdá mi kọjá.
Kò yà rí. Kò kí mi rí.
Àtùpà ni mo fi ń wá ẹnu ọ̀nà."

Bàbá mi tún gbé afárá kalẹ̀, gàrí, alágbára, gbogbo ẹ̀.
Màmá fara balẹ̀ gbọ́ ọ tán.
"Ó yé mi. Ẹni tó ru ọgọ́rùn-ún kóńgò
kò lè sọ̀ lójú ọ̀nà torí ẹyọ kan; á pa onítọ̀hún.
Ṣùgbọ́n, ọmọ Ìtókò, ta ló ń gba èpò ẹsẹ̀ afárá?"

Bàbá mi kọ nǹkan sínú ìwé.
Mo yọjú wò ó nígbà tó sùn:
*Òpó kẹtàlélọ́gọ́rin. Bóòtù méjì. Obìnrin kan ń béèrè.*

Lálẹ́ ọjọ́ tí a délé, iná dé sí Ìtókò.
Gbogbo àdúgbò hó yèè, èmi náà hó.
Bàbá mi jókòó sábẹ́ gílóòbù,
ó ń fi igi ha ẹrẹ̀ Wásinmi kúrò nídìí bàtà rẹ̀,
díẹ̀díẹ̀, kò yára.