Ẹ̀ẹ̀kan Ṣoṣo

Ọdún mọ́kànlá ni Cordell Pruitt fi la ọ̀nà
fún ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù sáyà.
Orúkọ ẹni tó sáré lèrò ń pariwo;
ta ní í kì ẹni tó ṣánko ọ̀nà?

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, nínú yìnyín Buffalo,
bọ́ọ̀lù já bọ́, ó ń tàkìtì
bí ẹja tó já lójú ìwọ̀.
Cordell ṣubú lé e.
Ọkùnrin márùn-ún gorí ẹ̀yìn rẹ̀.
Kò tú u sílẹ̀.

Lónìí, ní Saginaw,
orúnkún rẹ̀ ti mọ̀ pé òjò ń bọ̀ kí rédíò tó sọ.
Odessa ló ń bá a so okùn bàtà.
Ó ti gbàgbé orúkọ oṣù.

Bó bá sùn, apá rẹ̀ á ká mọ́ ìrọ̀rí.
Odessa á rọra fà á.
Kò ní í tú u sílẹ̀.