Ìnagijẹ

Aago méjì òru ní Tartu. Òjò dídì ń bọ́ sórí odò,
Eevi Raudsepp jókòó ti kọ̀ǹpútà, kọfí rẹ̀ ti tutù.
Kíláàsì kan wà níwájú rẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ gùn
bí ọjọ́ tí ebi ń pani:
AlábòójútóÀkọsílẹ̀ÌwéTíAráÌlúYáTíWọnÒTíìDáPadà.
Heino ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, lọ́dún tí ilé-ìkàwé ìlú
kọ́kọ́ ra ẹ̀rọ.
Heino ti fẹ̀yìntì, ó ń sin oyin lábúlé,
kì í gbé fóònù.

Ṣé kó pa orúkọ náà rẹ́ ni?
Ó ka àwọn fáìlì tó ń ké pè é: irínwó ó lé méje.
Irínwó ẹnu ó lé méje, orúkọ kan ṣoṣo ni wọ́n mọ̀.
Bó bá yí i padà lóru yìí,
ilé-ìkàwé kò ní lè yá ẹnikẹ́ni níwèé láàárọ̀.

Nínú èdè tí mo fi ń kọ èyí,
ìyàwó kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ.
Yóò wò ó títí.
Eyín rẹ̀ funfun: ó di Eyínfúnjowó.
Ó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́: ó di Òpéléńgẹ́.
Èyí tí kì í gbé ojú kúrò nínú ìwé, Akọ̀wé.
Kò sẹ́ni tó tún ọmọ náà bí.

Eevi kọ ìlà kan péré:
Ìyáwé, àmì ìdọ́gba, orúkọ gígùn yẹn.
Ohun tuntun kankan kò dáyé.
Ilẹ̀kùn méjì ló wọ yàrá kan:
bí o bá gba iwájú wọlé gbé àga,
ẹni tó gba ẹ̀yìn wọlé kò ní bá àga.

Ó dán an wò, ó ṣiṣẹ́.
Ni ìwà ọmọdé bá mú un, ó bi í léèrè:
Ìyáwé, kí lorúkọ rẹ?
Ojú ẹ̀rọ dáhùn láìtijú:
AlábòójútóÀkọsílẹ̀ÌwéTíAráÌlú...
títí dé òpin.

Orúkọ tó wuni là ń jẹ́ lẹ́yìn odi.
Eevi rẹ́rìn-ín, òun nìkan, nínú ọ́fíìsì òfìfo.
Ìyá rẹ̀ àgbà ní gúúsù, Tsirk ló ń pè é,
ẹyẹ.
Àádọ́ta ọdún ó dín mẹ́ta, ó ṣì ń jẹ́ ẹ.

Kó tó paná, ó kọ àlàyé kan sókè ìlà náà
fún ẹni tí yóò bá a níbẹ̀ lọ́jọ́ iwájú:
Heino ló bí i.
Èmi kàn ń kẹ́ ẹ ni.