Mélòó Lẹ Fún Un?

Ogójì ọdún ni bàbá mi fi fẹ́ atẹ́gùn sí taya ní Láfẹ́nwá,
lẹ́yìn rélùwéè, níbi tí ẹ̀rọ rẹ̀ ti ń húkọ́
kí ládàánì tó pe ìrun àárọ̀.
Kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀. Ó fẹ́ràn géèjì.
"Ojú lè parọ́," ni yóò wí, "ẹ jẹ́ ká bi géèjì."

Nígbà tó yá, àtẹ̀gùn ilé wa ní Ìtokò,
mẹ́rìnlá péré, mo ti kà á,
bẹ̀rẹ̀ sí í gba atẹ́gùn lọ́wọ́ rẹ̀.
Yóò dúró ní ìkẹfà, yóò ṣe bí ẹni ń wo òrùlé àwọn ará ìsàlẹ̀,
yóò ní páànù wọ̀nyí mà dógùn-ún lọ́dún yìí o.
A gbà á gbọ́,
títí di Ọjọ́bọ̀ kan
tó fi jáàkì sílẹ̀ lábẹ́ takisí Múfútáù,
tó jókòó sórí òkú taya,
tó ní ó dà bíi pé wọ́n gbé lọ́rì ka òun láyà.

Dókítà Ọláṣùbòmí fi fọ́tò hàn wá.
Ó jọ odò Ògùn lásìkò ọyẹ́, bí a bá wò ó láti orí afárá:
ẹ̀ka kan ń ṣàn,
ẹ̀ka kejì tín-ín-rín bí okùn,
lẹ́yìn ìyẹn, iyanrìn.
"Ọ̀nà tó ń bọ́ ọkàn yín rè é, Bàbá. Ó ti dí."
Màmá mi bèèrè bóyá wọ́n máa la àyà rẹ̀.
Ó ti já gèlè rẹ̀ dì mọ́ ìbàdí, bí ẹni tó fẹ́ jà.
Dókítà ní rárá. Ó fọwọ́ kan ọrùn ọwọ́ bàbá mi,
níbi tí aago rẹ̀ máa ń gbé.
"Ibí la máa gbà wọlé."

Wọn kò kùn ún lóorun. Ohun tí mo mọ̀, òun ló sọ ọ́.
Wáyà kan, tó fẹ́lẹ́ ju irunmú ológbò,
gba apá rẹ̀ lọ, kò kan ilẹ̀kùn, kò kágò.
Wọ́n ti fèrè onírọ́bà kékeré kan tọ̀ ọ́ lẹ́yìn,
ó ká jọ bí agboòrùn tí òjò kò tíì bá.
Nígbà tó dé ibi tó há, Dókítà ní, "Ẹ fẹ́ ẹ."
Ibẹ̀ ni bàbá mi, lórí tábìlì,
ìhòòhò lábẹ́ aṣọ aláwọ̀ ewé, ti la ẹnu:
"Mélòó lẹ fún un?"

Nọ́ọ̀sì wo Dókítà. Dókítà wo géèjì.
"Méjìlá, Bàbá."
"Méjìlá kẹ̀? Kẹ̀kẹ́ ọmọdé gan-an ń gba ogún!"
"Ìwọ̀n tiwa yàtọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mira."

Ó ní àyà fún òun bí fèrè náà ti ń wú.
Nígbà tí wọ́n tú u, nǹkan kan ṣàn kọjá
bí omi ẹ̀rọ tó padà dé lóru, tí ẹnikẹ́ni kò retí.
Fèrè jáde. Àwọ̀n irin kan ló kù síbẹ̀,
kò gùn ju ìrẹsì mẹ́ta lọ.
Ìyẹn ló ń dùn ún.
"Gbogbo ayé mi, ìṣó ni mo ń yọ," ló wí,
"wọ́n wá fi irin sílẹ̀ sí mi nínú."

Ó ti gbé aago sí ọwọ́ kejì.
Lánàá, ó tún dúró ní ìkẹfà.
Ọkàn mi já. Mo ní, "Bàbá, kí ló dé?"
Ó ní, "Páànù ni mò ń wò.
Wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀. O ò rí i?"