Torhild Ń Wa Ọkọ̀

Ogójì ọdún sẹ́yìn, Torhild wá ọkọ, ó rí èmi Eilif.
Lọ́dún yìí, lọ́mọ ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta,
ó ní òun fẹ́ẹ́ wa ọkọ̀.

Dókítà ló gba ìwé àṣẹ ìwakọ̀ lọ́wọ́ mi.
Ó ní kí n ka lẹ́tà tó wà lára ògiri.
Mo ní, "Ògiri wo?"
A jọ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́.
Láti ìgbà náà ni ọkọ̀ wa ti ń sùn sábẹ́ òjò dídì
bí ẹja tí wọ́n gbàgbé sínú yìnyín.

Torhild lọ síwájú dókítà kan náà,
ó ka lẹ́tà títí dé ìsàlẹ̀ pátápátá,
dé ibi tí wọ́n kọ orúkọ ẹni tó tẹ pátákó náà sí.
Wọ́n fún un níwèé: ojú rẹ̀ mọ́.
Ọjọ́ mẹ́rin ló fi pa á mọ́ fún mi.
Ojú mi ló fọ́, etí mi ò di:
mo gbọ́ nígbà tó ń ti dúróà.

Ó wá ń kàwé lóru.
Ta ló lẹ́tọ̀ọ́ àtikọ́kọ́ kọjá ní oríta?
Bí eré bá tó ọgọ́rin, mítà mélòó lọkọ̀ yóò rìn kó tó dúró?
Èmi tí mo ti ń wakọ̀ látìgbà tí irùngbọ̀n mi ti hù, mi ò mọ̀ ọ́n.
Mo ní, "Tẹ bíréèkì, wàá mọ̀."
Ìbéèrè márùndínláàádọ́ta ni wọ́n bi í lórí kọ̀ǹpútà.
Àṣìṣe méje ni wọ́n lè gbójú fò. Ó ṣe mẹ́sàn-án.
Ó délé, ó din ẹja, ẹja jóná.
A jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀.
Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ó padà lọ, ó yege.

Òfin ní ẹni tó níwèé àṣẹ ni kó jókòó ti akẹ́kọ̀ọ́.
Ogójì ọdún tèmi ti wọmi.
Ragna, ọmọ aládùúgbò tí mo kọ́ ní kẹ̀kẹ́ gígùn,
òun ló jókòó ní àyè mi,
lẹ́tà L pupa lẹ́yìn ọkọ̀,
èmi lójú fèrèsé, mò ń fetí ka jíà:
ení, èjì, háà, ó ti kú.
Ení, èjì, ẹ̀ta,
ó yí kọ́nà, ó ku afẹ́fẹ́.

Máhtte olùkọ́ mú un lọ sórí pápá tó ń yọ̀.
"Bí ọkọ̀ bá ń gbé ọ lọ, má wo igi tó ò ń bẹ̀rù.
Ibi tó o fẹ́ẹ́ lọ ni kó o wò."
Torhild sọ ọ́ fún mi lórí ibùsùn bí ẹni ń gbàdúrà.
Ní ẹ̀kọ́ òru, wọ́n mú èèyàn méjì dúró létí títì:
ọ̀kan so àmì tó ń dán mọ́ apá, wọ́n rí i lókèèrè;
èkejì wọ dúdú,
ìgbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n pa á ni wọ́n rí i.
Lọ́jọ́ kejì ó rán àmì náà mọ́ ẹ̀wù mi, níwájú, lẹ́yìn,
kò sọ nǹkan kan.

Ọjọ́ ìdánwò, àgbọ̀nrín mẹ́tàlá jáde sójú ọ̀nà.
Ọ̀kan tilẹ̀ dùbúlẹ̀.
Torhild dúró. Kò tẹ fèrè.
Olùdánwò gbé bírò sókè: "Ṣé o ò ní ṣe nǹkan kan ni?"
"Mò ń ṣe é," ni ìyàwó mi wí. "Mò ń dúró."

Bébà ni wọ́n kọ́kọ́ fún un. Káàdì dé lẹ́yìn náà.
Mo fi àtàǹpàkò wá ojú rẹ̀ lórí ike.
"Báwo lo ṣe rí níbẹ̀?"
"Bí olè," ó ní.

Lọ́jọ́ Àìkú ó gbé mi lọ sí èbúté.
Ó ń ka ọ̀nà fún mi bó ṣe ń lọ:
ilé Ragna ti kọjá, afárá nìyí.
Mo dákẹ́, mo fọwọ́ lé orúnkún.
Ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní,
"Eilif, gbé ẹsẹ̀ rẹ kúrò lórí bíréèkì."
Kò sí bíréèkì kankan níbẹ̀.
Mo gbé e kúrò.