Wákàtí Kan Tí Kò Wọlé

Ní Klaksvík, òru oṣù Kejìlá, atẹ́gùn ń súfèé lójú wíńdò,
Hanus ń bá mi sọ̀rọ̀ láti orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ní Kopenhagen,
ẹ̀gbọ́n ìyá mi, apẹja tí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ti ń jò bí ọkọ̀ àtijọ́.
Ó ń ka orúkọ àwọn àpáta abẹ́ omi fún mi
lọ́kọ̀ọ̀kan, láti etí Kunoy títí dé ẹnu èbúté,
àwọn tí kò sí nínú máàpù kankan,
tí bàbá rẹ̀ fi ń mọ ibi tí àwọ̀n kì í ti í ya.

Àpótí pupa kékeré wà níwájú mi, bọ́tìnnì méjì, iná aláwọ̀ ewé kan;
wáyà kan wọ inú kọ̀ǹpútà, wáyà kan lọ bá máìkì.
Mo ki íafóònù bọ etí, mo ń gbọ́ ọ ketekete.
Mo ní, ó ti wọlé.

Ilẹ̀ mọ́, mo tẹ̀ ẹ́ kí n gbọ́.
"Hẹn." Ìdákẹ́. "Hẹn-ẹn." Ìdákẹ́ gígùn. Ẹ̀rín mi. Ikọ́ mi.
Odidi wákàtí kan, mo ń dá sọ̀rọ̀ bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú.
Etí mi nìkan ló gbé Hanus jẹ; kò bù fún ẹ̀rọ.

Bárður ọmọ aládùúgbò rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó.
Ó ní: ohùn tó ti inú kọ̀ǹpútà jáde,
etí yín ló yà sí, kò mọ̀nà ilé mọ́.
Ó fọwọ́ kan ojú ọ̀nà kẹta àti ìkẹrin:
"Èyí kò ní ihò lára àpótí, ẹ ò lè ki wáyà bọ̀ ọ́,
àmọ́ ibẹ̀ lohùn ń gbà ṣẹ́rí padà."
A dán an wò. Ilé dàrú!
Hanus di méjì, ó di mẹ́jọ,
ó di agbo àgùntàn tó há sínú ihò àpáta.
Mo já íafóònù jù sílẹ̀.
"Ẹ gbà á sílẹ̀, ẹ má jẹ́ ó tún jáde.
Ẹni tó bá ti wọlé, ẹ tilẹ̀kùn mọ́ ọn."

Wọ́n ní ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá bọ́, fífọ́ ní ń fọ́.
Lálẹ́ ọjọ́ náà mo rí èyí tó balẹ̀ tó ta padà sí àtẹ́lẹwọ́.

Hanus tún bẹ̀rẹ̀. Ó ti rẹ̀ ẹ́. Èémí rẹ̀ ń hó.
Méjìlélógún ló kà. Mẹ́tàlélógún ni wọ́n lánàá.
"Ọ̀kan kù," ni mo wí.
Ó pẹ́ kó tó dáhùn. "Ó ti lọ nìyẹn, ọmọ mi."

Mo padà sí wákàtí òfìfo tí mo fẹ́ pa rẹ́.
"Hẹn." Ìdákẹ́. "Hẹn."
Ní ìṣẹ́jú kọkànlélógójì, ohùn tèmi,
bí ẹni tí kò gbọ́ dáadáa:
"Kí lẹ pè é? Ìkúùkù Afọ́jú?"
Lẹ́yìn náà, ìdákẹ́,
níbi tó ti ń dá mi lóhùn.